Ẹ̀wà tó ń gbèjà ara rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀wà GMO àti kòkòrò Maruca

Oko ẹ̀wà ní Òkè-Ògùn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ni mo sì kọ́ nílé ìwé. Nítorí náà, láti ìgbà tí irúgbìn SAMPEA 20-T ti jáde, ìyẹn ẹ̀wà GMO tí àwọn onímọ̀ fi jíìnì kan (àṣẹ inú ara tó ń pinnu bí ohun abẹ̀mí ṣe máa rí) kún kí kòkòrò Maruca má bàa jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni ẹbí àti ará àdúgbò ń gbé ìbéèrè wọn wá. Ẹ̀rù ló ń ba ẹlòmíràn. Owó oògùn ló sú ẹlòmíràn. Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá lemọ́lemọ́ ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá ìyá mi lóhùn.

Kòkòrò wo gan-an là ń sọ?

Maruca vitrata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àfòpiná ni ìyá rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ewé gbígbẹ, ó sì ní ojú funfun kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Lọ́sàn-án, á na ìyẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ewé, á sinmi. Òru ló ń jáde wá yé ẹyin sára òdòdó ẹ̀wà tí kò tíì là. Àfòpiná yìí fúnra rẹ̀ kì í jẹ ẹ̀wà o. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ lọ sóko ní kùtùkùtù, nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ẹ já ọ̀kan, kí ẹ fi èékánná rọra ya á. Bí Maruca bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìdin tín-ín-rín kan tí ara rẹ̀ funfun, tó ní àmì dúdú méjì-méjì lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí, tó ká jọ sí ibi tí èso ì bá ti yọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí iyanrìn tútù. Tó bá dàgbà díẹ̀, á fi okùn ẹnu rẹ̀ so òdòdó, ewé àti èso pọ̀ bí ẹni di ẹrù, á jókòó sáàárín, á máa jẹun. Níbi tó bá ti pọ̀, ó lè run tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ kó wálé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi á dé láti oko, á ní, “Òdòdó ti rẹ̀ dànù o.” Òjò la máa ń bú. Ọdún wo ni mo tó yanu òdòdó kan wò, tí mo rí ẹni tó ń jẹ wá lóúnjẹ!

Ṣé oògùn tí à ń fín kò tó ni?

Oògùn ò lè bá a níbi tó sá sí. Láàárín ìgbà tí ẹyin bá pa àti ìgbà tí ìdin bá wọnú òdòdó, àkókò kúkurú ni. Bí oògùn kò bá bá a lójú ọ̀nà, ó ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín sáà kan ṣoṣo, tí ẹ̀wà ò sì fi bẹ́ẹ̀ so.

Bàbá mi máa ń gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn, á fi gèlè ìyá mi àtijọ́ di imú. Tó bá wálé, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ata, kò sì ní lè fi nǹkan kan ẹnu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dún kan, ìgò tí kò ní ìwé lára ni ẹni tó ń ta oògùn fún un, ó ní ògidì ni. Ọwọ́ rẹ̀ bó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ wá. Ẹni tí kò bá gbé páńpù rí lè rò pé ẹ̀wà tí a ń jẹ tẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú.

Kí ló dé tí wọn ò wá irú ẹ̀wà abínibí tí kòkòrò yìí kì í jẹ?

Wọ́n wá a títí. Ìlú Ìbàdàn wa níbí ni wọ́n ti wá a. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, ní ilé ìpamọ́ irúgbìn tí oríṣi ẹ̀wà inú rẹ̀ ju 15,000 lọ, láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn onímọ̀ gbìn wọ́n, wọ́n tú kòkòrò sí wọn, wọ́n ń wò wọ́n lọ́dọọdún. Wọ́n rí èyí tó lè fara da àwọn kòkòrò mìíràn. Wọn ò rí èyí tó lè dá Maruca dúró dáadáa.

Ìbátan ẹ̀wà kan wà nínú igbó tí Maruca kì í lè jẹ, Vigna vexillata lorúkọ rẹ̀. Ó nírun lára, ó sì ní ohun tí kòkòrò náà kò fẹ́ nínú. Wọ́n gbìyànjú láti fi òun àti ẹ̀wà oko bímọ. Ó kọ̀. Wọn ò rí ọmọ tó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi lọ gba ọ̀nà GMO, èsì mi nìyẹn: wọ́n ti kan ilẹ̀kùn yòókù, kò ṣí.

Ta ló wá ṣe é?

Ọ̀jọ̀gbọ́n T.J. Higgins, ọmọ bíbí Áyálándì tó ṣiṣẹ́ ní CSIRO, àjọ ìwádìí ìjọba Ọsirélíà, ní ìlú Canberra, ló ṣáájú iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí. Ẹ̀wà wa lágídí púpọ̀ nípa gbígba jíìnì tuntun sára. Àgbàdo ti gbà, òwú ti gbà, ẹ̀wà ò gbà. Ọdún 2006 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ọ̀nà ti là.

Bakitéríà inú ilẹ̀ kan wà, Agrobacterium, tó jẹ́ pé ìṣe tirẹ̀ látayébáyé ni kó máa ki jíìnì tirẹ̀ bọ inú ewéko. Àwọn onímọ̀ yọ èyí tó ń ṣe ewéko níbi kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi jíìnì tí wọ́n fẹ́ rọ́pò. Wọ́n gé ara kóró ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n rì í bọ omi tí bakitéríà náà wà, wọ́n gbé e sínú oúnjẹ bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n po oògùn kan mọ́, èyí tí jíìnì kò bá wọ̀ kò ní yè é. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí wọ́n bá ṣe, ìwọ̀nba ló ń yọrí, wọ́n á sì tún ṣa èyí tó dára jù nínú ìwọ̀nba náà. Ẹ̀wà tí wọ́n lò fún iṣẹ́ yìí, ọmọ IITA ni.

Láti ibẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohammad Ishiyaku àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín nínú ọgbà tí wọ́n sé mọ́ lọ́dún 2009. Wọ́n fi ẹ̀wà náà àti àwọn irú tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn bímọ, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ó fi jọ wọ́n tán, tó jẹ́ jíìnì yẹn nìkan ló fi yàtọ̀. Oṣù kìíní 2019 ni NBMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ GMO, fọwọ́ sí i. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n forúkọ SAMPEA 20-T sílẹ̀, ó sì di Oṣù Kẹfà 2021 kí wọ́n tó ṣí i fún àwọn àgbẹ̀ ní Kano. Ẹ ka ọdún wọ̀nyẹn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n sáré sè.

Wọ́n ní jíìnì yẹn wá láti ara bakitéríà. Bakitéríà wo?

Bacillus thuringiensis, tí gbogbo ayé ń pè ní Bt. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó ṣeé ṣe kí ó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín báyìí. Lọ́dún 1901, Ishiwata ní Jàpáánì rí i lára ìdin sílíkì, àwọn kòkòrò tí ń hun òwú bí irú èyí tí à ń fi hun sányán. Wọ́n ń kú lójijì, ó sì fẹ́ mọ ohun tó ń pa wọ́n. Lọ́dún 1911, Ernst Berliner rí i lára àfòpiná ìyẹ̀fun ní Thuringia, Jámánì. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Láti 1938 ni wọ́n ti ń tà á bí ìyẹ̀fun oògùn ní Faransé, àwọn tó ń dáko láìlo kẹ́míkà sì ń fín in títí dòní. Lọ́dún 1981, Schnepf àti Whiteley ní Amẹ́ríkà ṣe àdàkọ jíìnì tó ń pèsè oró tí Bt fi ń pa kòkòrò. Irú jíìnì bẹ́ẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Cry1Ab, ló wà nínú ẹ̀wà wa.

Báwo ni ohun tó ń pa kòkòrò ò ṣe ní pa èmi?

Ìbéèrè ìyá mi nìyí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù láti dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi káún sí ẹ̀wà kó tètè rọ̀ mọ bí omi káún ṣe rí lẹ́nu. Inú ikùn ìdin Maruca rí bẹ́ẹ̀. Omi ikùn tèmi àti tiyín kan ni, ó kan ju omi ògì ọjọ́ mẹ́ta lọ. Èròjà Cry, ìyẹn oró tí jíìnì náà ń pèsè, máa ń yòrò nínú omi tó dà bíi káún. Nígbà tó bá yòrò, omi ikùn kòkòrò náà á gé e sí ìwọ̀n tó lè ṣiṣẹ́, á wá lọ so mọ́ ibì kan lára ìfun, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ ihò tirẹ̀. Tó bá ti wọ̀ ọ́, á dá ihò sí ìfun náà. Kòkòrò yẹn á dákẹ́ oúnjẹ, kò sì ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí á fi kú.

Nínú ikùn ènìyàn, omi kíkan ló máa bá a, á dà bí ẹran tàbí ẹyin tí a jẹ ṣe ń dà. Ihò tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń wọ̀ kò sì sí lára ìfun wa. Adìẹ ò ní in, ewúrẹ́ ò ní in. Agbọ́n àti oyin pàápàá kò ní irú èyí tí Cry1Ab ń wá.

Ṣé ẹ ń sọ pé kò sí ewu rárá nínú GMO?

Rárá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ bi mí pé GMO wo, jíìnì wo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Higgins kan náà fi jíìnì láti ara ẹ̀wà pupa sínú ẹ̀wà roboto tí à ń pè ní pea, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2005, nígbà tí wọ́n fún eku jẹ, ara eku náà kọ̀ ọ́, ẹ̀dọ̀fóró wọn wú. Àwọn fúnra wọn tẹ àbájáde náà jáde, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì. Ìwádìí mìíràn lọ́dún 2013 ní ẹ̀wà pupa lásán, tí kò ní GMO nínú, ṣe eku bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n dúró. Báyìí ló ṣe yẹ kó rí, kí wọ́n máa yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Cry1Ab ti wà nínú àgbàdo tí wọ́n ń gbìn ní Amẹ́ríkà láti 1996. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kárí ayé, mo sì jẹ ẹ̀wà náà pẹ̀lú ọkàn mi tó balẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an ni ohun tí wọ́n ń dà sí ẹ̀wà nínú àpò. Lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, oògùn kòkòrò olómi yẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì ga dé 4.6. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń wá ẹ̀wà olóyin láti ilé rí àbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Àwa tí a wà nílé, àwa là ń jẹ ẹ́.

Tí mo bá gbin SAMPEA 20-T, ṣé mo ṣì máa fín oògùn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ibí ni àwọn tó ń tà á kì í ti í sọ̀rọ̀ tó. Maruca nìkan ni Cry1Ab ń bá jà. Kòkòrò wínníwínní tó ń fa oje ewé mu, èyí tó ń bà sí òdòdó, àti èyí tó ń fi ẹnu gún èso mu kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Bíi fínfín méjì ni wọ́n ń dábàá dípò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ fún ẹni tó ń gbé páńpù.

Ó tún máa ń tètè gbó, bí 70 ọjọ́ sí 75, ó sì lè fara da Striga, ewéko tó ń so mọ́ gbòǹgbò tó ń fa oje rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ GMO. Ara irú ẹ̀wà tí wọ́n fi jíìnì sí ló ti wá.

Kòkòrò jẹ ẹ̀wà náà nínú àpò mi. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?

Kòkòrò yẹn yàtọ̀ pátápátá, ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ọmọ ìbátan kòkòrò mìíràn ni, Cry1Ab ò kàn án. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ni kí ẹ lò. Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò ńlá lóde. Ẹ gbẹ ẹ̀wà dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dì í pinpin. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú. Ẹ̀kán dichlorvos kan kò sí níbẹ̀.

Ṣé mo lè tọ́jú irúgbìn fún ọdún tó ń bọ̀?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òdòdó ẹ̀wà máa ń fún ara rẹ̀ lóyún, èyí tí ẹ bá gbìn á jọ ìyá rẹ̀. Irúgbìn tí kì í hù lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n ń sọ kò tíì dé ọjà kankan láyé yìí. Monsanto, ilé iṣẹ́ irúgbìn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ló fún AATF, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Nairobi, ní jíìnì náà láìgba owó ẹ̀tọ́, tìtorí àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà.

Ṣé Maruca ò ní mọ bí a ṣe ń jẹ ẹ́ tó bá yá?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Tí n bá ní kí ẹ di ohun kan mú nínú gbogbo èyí, ìdáhùn yìí ni.

Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye àfòpiná, ọ̀kan tàbí méjì lè wà tí kọ́kọ́rọ́ yẹn kò wọ ihò ìfun wọn. Bí gbogbo oko bá jẹ́ Bt, àwọn nìkan ló máa ṣẹ́kù, àwọn nìkan ló máa fẹ́ra, ọmọ wọn á sì gba oko. Bruce Tabashnik, onímọ̀ kòkòrò ní Yunifásítì Arizona, fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Hawaii lọ́dún 1990 ló ti fi hàn pé àfòpiná kábéèjì ti ń yè é bí wọ́n bá fín Bt. Ní Gúúsù Áfíríkà, kòkòrò inú igi àgbàdo di ẹni tí àgbàdo Bt kò lè pa mọ́, ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Ní Íńdíà, kòkòrò pupa tó ń jẹ inú òwú ti borí. Kòkòrò kan náà, ní Arizona, wọ́n lé e tán: lọ́dún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kò sí lóko òwú wọn mọ́.

Kí ló fà á tí ìyàtọ̀ fi wà? Ní Arizona, àwọn àgbẹ̀ gbin òwú tí kò ní Bt sí ẹ̀gbẹ́ oko. Àfòpiná tó bá jẹ níbẹ̀ kò nídìí láti kọ́ ìjà, wọ́n pọ̀ yanturu, wọ́n á sì lọ fẹ́ èyí tó yè bọ́, ọmọ wọn á sì tún kú sára Bt. Lẹ́yìn náà, láti 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú da àfòpiná tí wọ́n ti sọ di àgàn sóko. Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò gbin èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n rò pé ìpàdánù ni.

Nítorí náà, ẹ gbin ẹ̀wà àtijọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ kan lóko SAMPEA 20-T, ẹ má sì fín oògùn Bt sí i. Fún àgbàdo Bt ìbẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Àwa ní ìrànlọ́wọ́ díẹ̀: oríṣiríṣi ewéko ẹlẹ́wà inú igbó wa ni Maruca tún ń jẹ. Àwọn onímọ̀ sì ti ń fi jíìnì kejì, Cry2Ab, kún ti àkọ́kọ́, nítorí ó ṣòro fún kòkòrò láti bọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìbínú mi ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹni tí wọ́n ní kó gbin ẹ̀gbẹ́ oko kò rí i kà.

Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí kì í ṣe GMO?

Ó wà, ó sì dára. Ní ẹ̀ka IITA ní Abomey-Calavi, Bẹ̀nẹ̀, Manuele Tamò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó agbọ́n tín-ín-rín wá láti Éṣíà, tí ń yé ẹyin sára ìdin Maruca tí ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú. Therophilus javanus jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ti tú wọn sóko. Oògùn apakòkòrò ń pa agbọ́n wọ̀nyí, Bt kì í pa wọ́n, nítorí náà mi ò rí ìdí tí a fi máa fi ọ̀kan bá èkejì jà.

Ṣé gbogbo ibi tí wọ́n ti gbin Bt ni wọ́n yọ̀?

Rárá. Bùrkínà Fasò gbin òwú Bt láti 2008. Kòkòrò kú, ṣùgbọ́n okùn òwú wọn kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iye tí wọ́n ń rí lọ́jà sì dín kù. Ní 2016 wọ́n fi í sílẹ̀. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí ẹ máa bi mí pé GMO wo.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n lọ́jà?

Ojú kò lè dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kóńgò ò ní ìwé lára. Ó yẹ kí a lè mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lóko mi?

Nígbà tí òdòdó bá pọ̀, ẹ dé oko kí oòrùn tó mú. Ẹ já ogún òdòdó lára SAMPEA 20-T, ẹ já ogún lára ẹ̀wà àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kó wọn sínú abọ́ méjì, kí ẹ ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú abọ́ kejì, ẹ ó rí ìdin. Ó yẹ kí ẹ rí i. Nínú abọ́ kìíní, ẹ lè rí ìdin kékeré tó ti dákẹ́, tí kò jẹun mọ́. Tí ẹ bá rí èyí tó ti sanra, tó ń rìn, tó sì ń jẹun níbẹ̀, ẹ má fín oògùn lé e kí ẹ sì gbàgbé. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ mú un lọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí ẹni tó ta irúgbìn fún yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Zaria.